Ilé ìwòsàn eyín ní Kàbà: èwo nínú ẹ̀rọ ìgbàlódé yìí ló ń mú ìmọ́tótó wá ní tòótọ́?

Akọ̀wé_Eyín (Kàbà)

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi.

Ilé ìwòsàn eyín aládàáni kékeré kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Kàbà níbí. Àga ìtọ́jú méjì, dókítà kan, nọ́ọ̀sì méjì, àti èmi tí mo ń kọ káàdì, tí mo ń gba owó, tí mo tún ń tan jẹnẹrétọ̀. Ọ̀gá wa rí owó yá díẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sì ní kí n wádìí ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ rà. Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀rọ gbéra láti Èkó wá bá wa pẹ̀lú ìwé aláràbarà. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: X-ray tó ń gbé àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, autoclave tuntun (ìkòkò tí a fi ń se irinṣẹ́ kí kòkòrò ara rẹ̀ kú) tó ń kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ara rẹ̀, kámẹ́rà tó ń ya gbogbo eyín dípò kí a máa fi nǹkan rírọ̀ tẹ̀ ẹ́, àti sọ́fítíwíà tí yóò gba ipò káàdì. Gbogbo rẹ̀ pátá ló ń pè ní ìmọ́tótó ìgbàlódé.

Owó ọwọ́ wa kò tó ra ìdajì wọn. Ẹ bá mi dá sí i: èwo ló ń dín èérí àti èèràn kù, tó sì ń mú iṣẹ́ yá? Èwo ló kàn ń jẹ́ kí àwọn èèyàn wọlé kí wọ́n sọ pé "ẹ̀yin náà ti dé Èkó"?

Gbẹ̀dẹ̀_Tòótọ́

Ẹ kọ́kọ́ ra ọṣẹ. Kí omi wà nínú ẹ̀rọ ìfọwọ́ yín. Lẹ́yìn náà ẹ lè wá sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ọmọ_Mọ̀pà (dókítà eyín, Ìlọrin)

Ẹ̀gbọ́n Gbẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe àwàdà rárá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dá akọ̀wé wa lóhùn.

Ẹ tẹ̀lé fíìmù X-ray àtijọ́ kan láti ẹnu aláìsàn dé ibi tí a ti ń wò ó. Wọ́n ki í sẹ́nu, itọ́ bò ó, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì yọ ọ́, ó mú un lọ sí yàrá òkùnkùn. Ìbọ̀wọ́ tó fi yọ ọ́ lẹ́nu náà ló fi ṣílẹ̀kùn, òun ló fi tan iná pupa, òun ló fi ṣí ìdérí ike kẹ́míkà, òun ló fi mú aago. Fíìmù á wọ kẹ́míkà àkọ́kọ́, á bọ́ sínú omi, á wọ ẹlẹ́ẹ̀kejì, a ó tún ṣan án, a ó sá a. Bí àwòrán bá ṣú jù tàbí tó funfun jù, a ó tún un yà: aláìsàn tún gba ìtànṣán, ìlẹ̀kùn tún gba itọ́. Kẹ́míkà ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, fàdákà tó bọ́ lára fíìmù wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi sì ni wọ́n ti ń dà á sí gọ́tà. Bébà òjé tó wà nínú páálí fíìmù náà, àkìtàn ló ń lọ.

X-ray orí kọ̀ǹpútà pa gbogbo ìrìn yẹn rẹ́. Kò sí yàrá òkùnkùn, kò sí kẹ́míkà. Àwòrán yọ lójú ẹsẹ̀ nígbà tí aláìsàn ṣì wà lórí àga. Mo lè mú un tóbi, mo lè mú un mọ́lẹ̀ sí i láìtún un yà. Ìtànṣán tó ń wọ ara èèyàn náà sì dín sí ti fíìmù.

Kí ẹ lè mọ ibi tí a ti ń bọ̀: oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni Röntgen rí ìtànṣán yìí ní Jámánì. Nígbà tí yóò fi di oṣù kìíní 1896, dókítà eyín kan níbẹ̀, Otto Walkhoff, ti fi ẹnu ara rẹ̀ dánwò. Ìṣẹ́jú 25 ló fi jókòó síwájú ìtànṣán náà kí àwòrán eyín rẹ̀ tó jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ní 1987 ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ń gbé àwòrán inú ẹnu lọ tààrà sórí kọ̀ǹpútà jáde, Francis Mouyen ará Faransé ló ṣe é. Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun mọ́, àwa ni a kò tíì máa lò ó káàkiri.

Ohun kan wà tí oníṣòwò yín lè má sọ. Sensor, ìyẹn nǹkan tó ń gba àwòrán dípò fíìmù, tí wọ́n ń kì bọ ẹnu, ẹ kò lè sè é. Autoclave á bà á jẹ́ pátápátá. Nítorí náà, ẹnu kan, láílọ́ọ̀nù tuntun kan, lẹ́yìn náà ẹ ó fi oògùn apakòkòrò nù ún kí ó tó dé ẹnu ẹlòmíràn. Láílọ́ọ̀nù máa ń ya láìjẹ́ kéèyàn rí i. Ẹni tó bá ń fi omi lásán nu sensor, ó sàn kí ó padà sídìí fíìmù.

Èrò tèmi: X-ray ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Màmá_Nọ́ọ̀sì (Ìsánlú)

Dókítà ọmọ mi, o ṣeun, àlàyé rẹ mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú ibi tí o parí rẹ̀ sí.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yàrá tí wọ́n ti ń se irinṣẹ́ sì ni mo ti lo ọjọ́ tó pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n bi ìbéèrè kan. Sensor, ẹnu nìkan ló wọ̀. Ẹ̀mú tí a fi yọ eyín ńkọ́? Irin ẹnu mímú tí a fi ha ẹ̀rìgì ńkọ́? Handpiece tó ń kọ wìì-wìì tó ń gbẹ́ eyín, tó ń fa itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ padà sínú ara rẹ̀? Àwọn nìyí tó ń kan ẹ̀jẹ̀. Nínú ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí HIV tí wọ́n ṣe ní 2018, wọ́n yẹ hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, wò pẹ̀lú, bí 8 nínú 100 àgbàlagbà ló ní in lára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Kòkòrò yẹn lè wà láàyè lórí irin tàbí tábìlì fún ọjọ́ méje, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ ni o, kì í ṣe tútù. Ẹni mẹ́wàá tó bá jókòó sórí àga yín lónìí, ẹ kò ní rí àmì rẹ̀ lójú ẹnì kankan.

Wàyí o, níbi kan tí n kò ní dárúkọ, ìwé àkọsílẹ̀ ni a fi ń mọ̀ bóyá a ti se irin dáadáa. Ẹni tó se é á kọ ọjọ́, ìwọ̀n ooru, iye ìṣẹ́jú, á fọwọ́ sí i. Mo ṣí ìwé yẹn ní ọjọ́ Ajé kan, mo bá a pé wọ́n ti kọ ti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì: ìwọ̀n ooru 134, 134, 134 ní Celsius, pẹ̀lú ìbuwọ́lù. Bẹ́ẹ̀ ni gáàsì ti tán láti ọjọ́ Sátidé.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn autoclave tó ń kọ àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ nìyẹn. Bí ooru kò bá dé 134, kò ní kọ 134. Bí iná bá lọ láàárín, á tẹ̀ ẹ́ jáde pé iṣẹ́ kò parí. Kò mọ ọ̀gá, kò mọ pé aláìsàn ti pọ̀ níta, kò mọ pé ìyàwó kọmíṣọ́nà ló jókòó sórí àga.

Ẹ rà á. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo àpò irinṣẹ́ ní nọ́ńbà: ọjọ́ tí a sè é, ìsè kẹta tàbí ìkẹrin ọjọ́ náà. Bí ẹ bá tú àpò fún aláìsàn, ẹ ya nọ́ńbà yẹn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì rẹ̀, tàbí kí ẹ fi fóònù yà á sínú kọ̀ǹpútà. Bí wàhálà bá dé lọ́la, ẹ ó mọ orúkọ tí ẹ ó pè.

Akọ̀wé_Eyín

Màmá, ẹ ṣé gan-an. Ti wa jẹ́ ìkòkò onítẹ̀ẹ́ tó ń jókòó lórí gáàsì. Aago ògiri la fi ń ka ìṣẹ́jú. A máa ń lẹ téèpù tó ń yí àwọ̀ padà mọ́ àpò, bó bá ti dúdú a ti gbà pé ó ti mọ́. Ṣé kò tó ni?

Màmá_Nọ́ọ̀sì

Kò tó, ọmọ mi. Téèpù yẹn ń sọ pé àpò yìí dé ibi tó gbóná. Kò sọ pé kòkòrò kú.

Ohun méjì ló wà. Èkíní, afẹ́fẹ́. Ìkòkò lásán ń fi oru omi híhó ti afẹ́fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n nínú nǹkan tó ní ihò, bíi handpiece, tàbí nínú àpò tí a dì, afẹ́fẹ́ á há síbẹ̀. Bí ẹ bá dojú ìgò dé sínú garawa omi, ẹ mọ̀ pé omi kì í kún un: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò gbà. Bẹ́ẹ̀ ni oru kò ṣe ní dé inú irin tó ní ihò. Autoclave tí wọ́n ń pè ní class B máa ń fa afẹ́fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó jẹ́ kí oru wọlé. Class N kì í ṣe bẹ́ẹ̀, irin tó le gbọọrọ tí a kò dì ni tirẹ̀. Ẹ bi oníṣòwò yín léèrè, B ni tàbí N. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́, N ni.

Ìkejì, ìdánwò tòótọ́. Kòkòrò kan wà, Geobacillus stearothermophilus. Ó máa ń ká ara rẹ̀ sínú èèpo líle tí omi híhó kò lè pa, èyí tí wọ́n ń pè ní spore. Wọ́n ń tà á nínú ìgò kékeré tàbí lórí bébà. Ẹ ó fi sáàárín irinṣẹ́, ẹ ó sè é, lẹ́yìn náà ẹ ó tọ́jú rẹ̀ sí ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ wò bóyá ó máa hù. Bí kò bá hù, autoclave yín ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní ká máa ṣe é.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn: ní Tulsa, ní Oklahoma ti Amẹ́ríkà, ọdún 2013, wọ́n rí ilé ìwòsàn eyín kan tí kò ṣe ìdánwò yìí fún ọdún mẹ́fà. Bí 7,000 aláìsàn ni ìjọba kọ̀wé sí pé kí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n rí ẹnì kan tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló ti kó hepatitis C lára aláìsàn mìíràn. Amẹ́ríkà nìyẹn o, tí iná kì í lọ.

Omi kànga ẹ̀rọ náà kò dára fún autoclave. Ohun tó wà nínú omi yẹn á lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí ẹfun, á dí àwọn ọ̀nà rẹ̀. Omi tí wọ́n ti sè tó ti di oru, tó sì tún padà di omi, ni kí ẹ lò. Wọ́n ń tà á.

Gbẹ̀dẹ̀_Tòótọ́

Màmá, àṣé bí ẹ̀yin ṣe le nìyí. Èmi tí mo kàn ní kí wọ́n ra ọṣẹ.

Sólà_Kàbà

Ẹ jẹ́ kí n da omi tútù díẹ̀ sí i. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi sólà àti inverter sílé àti ọ́fíìsì láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀. Autoclave class B orí tábìlì máa ń jẹ bí 2,000 wáàtì nígbà tó bá ń gbóná. Inverter kékeré tí ẹ fi ń tan fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, ó máa dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà àti sensor X-ray ní tiwọn, wọn kì í jẹ nǹkan. Ẹ̀rọ X-ray tó wà lára ògiri ló ń fa iná fẹ̀ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò pẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ má sì gbàgbé pé class B kì í parí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin yẹn ni èyí tó fi dúró lórí 134. Kí ó fa afẹ́fẹ́, kí ó gbóná, kí ó tún gbẹ àwọn àpò, ó ń lọ sí bí ìṣẹ́jú 40 sí wákàtí kan. Ìmọ̀ràn mi: ẹ ṣe ìsè nígbà tí oòrùn bá wà lókè, aago mẹ́wàá sí mẹ́ta, kí pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ gbé e. Èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ nílò irinṣẹ́ tó pọ̀ tó, kí àwọn kan wà nínú ìkòkò nígbà tí àwọn kan wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ̀mú yín bá jẹ́ ẹyọ méjì, autoclave tó dára jù láyé kò ní gbà yín.

Ọmọ_Mọ̀pà (dókítà eyín, Ìlọrin)

Sólà, ọ̀rọ̀ ẹyọ ẹ̀mú yẹn, ibẹ̀ gan-an ni àbùjá máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ kò tó, aláìsàn ti pọ̀, ẹnì kan á ní "ẹ rì í bọnú jíìkì díẹ̀". Jíìkì ń jẹ irin, kì í sì í pa gbogbo ohun tó yẹ kó pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn.

Màmá, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ilé ìwòsàn tí kò ní X-ray ń yọ eyín tí kò yẹ kó yọ. Mo ń rí wọn níbí. Ẹnì kan á wá láti ọ̀nà ilé wa, wọ́n ti yọ méjì, eyín tó ń dùn ún ṣì wà níbẹ̀.

Onílábù (Ìlọrin)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ni mo ń ṣe eyín àtọwọ́dá, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi láti Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú, Kàbà, títí dé Lọ́kọ́ja. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dé ọwọ́ mi.

Wọ́n á pò nǹkan rírọ̀ yẹn, alginate, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín aláìsàn, á le díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́. Ẹ̀dà eyín rẹ̀ nìyẹn, itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ẹ̀rìgì sì wà lára rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ṣan án, kí wọ́n fi oògùn apakòkòrò sí i, kí wọ́n sì da símẹ́ńtì funfun sí i kíákíá, torí bó bá ti ń gbẹ ló ń súnkì. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi láílọ́ọ̀nù dúdú dì í, wọ́n á fún awakọ̀. Awakọ̀ á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀nà Kàbà sí Ìlọrin, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti súnkì, ó ti ń rùn. Eyín tí mo bá fi ṣe kò ní wọ ẹnu olówó rẹ̀, wọ́n á ní èmi ni n kò mọṣẹ́.

Kámẹ́rà inú ẹnu yẹn ló dáàbò bo èmi jù. Wọ́n á fi ya gbogbo eyín, fáìlì á gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ mi, itọ́ ẹnì kankan kò wọ mọ́tò. Ìlú Zurich ní Switzerland ni ó ti bẹ̀rẹ̀: Mörmann tó jẹ́ dókítà eyín àti Brandestini tó jẹ́ ẹnjiníà ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní CEREC, ọdún 1985 ni wọ́n fi ya eyín aláìsàn àkọ́kọ́, tí wọ́n sì gbẹ́ ohun tí wọ́n fi dí i lọ́jọ́ kan náà.

Síbẹ̀ n kò ní kí ẹ rà á. Owó rẹ̀ ju ti X-ray lọ fíìfíì, iye ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá ní Kàbà lóṣù kò ní dá a padà. Ẹ ra ike tó ní ìdérí, ẹ ra oògùn, ẹ da símẹ́ńtì yín níbẹ̀ kí ó tó wọ mọ́tò. Fọ́tò àwọ̀ eyín, ẹ fi fóònù yà á níta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ fi ránṣẹ́. Ìyẹn nìkan ti yọ mí nínú wàhálà púpọ̀.

Ìyá_Ìyàrà

Ẹ dúró ná. Fọ́tò eyín ta ni ẹ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp? Wọ́n ya inú ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ní ibì kan, ọ̀sẹ̀ kejì ló rí i lórí Facebook wọn, "kí a tó ṣe é, lẹ́yìn tí a ṣe é". Gbogbo Ìyàrà ló dá ẹnu rẹ̀ mọ̀, torí àlàfo rẹ̀.

Akọ̀wé_Eyín

Ẹ mà pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìyàrà. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé a ní òfin kankan lórí rẹ̀. Orí fóònù nọ́ọ̀sì ni fọ́tò ń wà.

Ọmọ_Mọ̀pà (dókítà eyín, Ìlọrin)

Òfin wà. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin ààbò ìsọfúnni oníkálùkù, ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn sì wà lára ohun tí òfin náà ní ká dáàbò bò jù. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn fọwọ́ sí ìwé kí ẹ tó yà á. Kí fóònù iṣẹ́ wà lọ́tọ̀, kí orúkọ má sí lára fọ́tò, nọ́ńbà káàdì nìkan. Facebook, rárá.

Òmíràn tí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ lè má rántí: X-ray yín gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NNRA, àjọ tó ń bójú tó ìtànṣán lórílẹ̀-èdè yìí. Orí kọ̀ǹpútà ni o tàbí orí fíìmù, bákan náà ni.

Bùnú_Lókè

Èmi kì í ṣe oníṣègùn, aláìsàn ni mí. Ohun tó ń ṣe wá ni ìjókòó. A ó jí láti abúlé, a ó wọ ọ̀kadà dé ìdíkọ̀, a ó wọ mọ́tò, a ó dé Kàbà, a ó bá èèyàn bí ogún lórí bẹ́ǹṣì kan, gbogbo wa ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, àwọn kan ń wúkọ́. Aago méjì, wọ́n ní dókítà ti jáde. Ṣé kọ̀ǹpútà lè ṣe nǹkan sí ìyẹn? Torí lọ́dọ̀ tiwa, íntánẹ́ẹ̀tì, ká gun òkè kí a tó rí i.

Akọ̀wé_Eyín

Bàbá, ìyẹn wà nínú sọ́fítíwíà tí wọ́n fi hàn wá. Wọ́n á fún yín ní ọjọ́ àti wákàtí, ọ̀rọ̀ kékeré á sì wọ orí fóònù yín lọ́jọ́ tó ṣáájú. SMS lásán ni, fóònù tọ́ọ̀ṣì gan-an ń gbà á, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bí dókítà kò bá ní sí nílé, a ó kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ẹ tó san owó mọ́tò.

Màmá_Nọ́ọ̀sì

Èyí ń ṣe ìmọ́tótó ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nígbà Kòrónà, tí wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́jọ́ 27 oṣù kejì 2020, ilé ìwòsàn eyín wà lára ibi tí ẹ̀rù ti bà wá jù, torí irin tó ń yí yẹn ń fọ́n itọ́ sáfẹ́fẹ́ bí ìkùukùu. Ọ̀pọ̀ ibi ló sọ pé ẹni tó bá ń ṣe pàjáwìrì nìkan ni kó wá. Bẹ́ǹṣì ṣófo, nọ́ọ̀sì ráyè nu àga láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì, ráyè jẹ́ kí omi inú ẹ̀rọ ṣàn dànù díẹ̀ kí ẹlòmíràn tó jókòó. Ogún èèyàn lórí bẹ́ǹṣì ló ń mú kí nọ́ọ̀sì máa gba àbùjá, kì í ṣe ìwà rẹ̀.

Omi yẹn, ẹ má ṣe fojú di í. Ọ̀pá tín-ín-rín tí omi ń gbà dé handpiece, kòkòrò máa ń ṣe bí ọ̀rá mọ́ inú rẹ̀. CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 2003 pé kòkòrò inú omi yẹn kò gbọ́dọ̀ ju 500 lọ nínú mílílítà kan, àti pé ká jẹ́ kí ó ṣàn fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Àwọn àga tuntun kan wà tó ń ṣe é fúnra wọn. Àga yín kò ní ṣe é, ẹ fi aago fóònù ṣe é.

Ọmọ_Mọ̀pà (dókítà eyín, Ìlọrin)

Kí n tó lọ sẹ́nu iṣẹ́: bí kọ̀ǹpútà bá wọ yàrá ìtọ́jú, ẹ ti mú ìdọ̀tí tuntun wọlé. Kíbọ́ọ̀dù àti máùsì. Dókítà á yọ ọwọ́ lẹ́nu èèyàn, á tẹ̀ ẹ́ láti wo X-ray, á padà sẹ́nu. Àárín bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù kò ṣeé nù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ fún gbogbo aláìsàn, tí kíbọ́ọ̀dù kò sì tíì rí oògùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Ẹ fi láílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, ẹ yí i padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tàbí kí ẹnì kejì máa tẹ̀ ẹ́. Bí a bá ń wọn ẹ̀rìgì, ibi mẹ́fà ni a ń wọ̀n lára eyín kan. Eyín 32, ìwọ̀n 192 nìyẹn. Ẹni tó ń wọ̀n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bírò tàbí bọ́tìnnì. Ó ń pè é, ẹnì kejì ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó yá ju ti orí bébà lọ, bébà ẹlẹ́jẹ̀ kò sì padà sínú àpótí káàdì.

Gbẹ̀dẹ̀_Tòótọ́

Ìbéèrè mi kẹ́yìn. Bí mo bá wá, ṣé mo lè sọ pé kí wọ́n tú àpò irin níṣojú mi? Ṣé wọn ò ní sọ pé mo ń ṣàyẹ̀wò wọn?

Màmá_Nọ́ọ̀sì

Sọ ọ́. Ẹni tó sè é dáadáa á yára tú u.

Akọ̀wé_Eyín

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá. Ó fọwọ́ sí autoclave class B tó ń kọ àkọsílẹ̀, ìdánwò spore, àti irinṣẹ́ ẹyọ púpọ̀ sí i. Ìyókù owó á lọ sí sọ́fítíwíà kékeré tí a ó máa san díẹ̀díẹ̀, torí SMS. X-ray, ó ní ọdún tó ń bọ̀, ó sì jọ pé plate, pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó ń gba àwòrán bíi fíìmù, ni yóò rà dípò sensor, torí ó rí i pé okùn sensor máa ń já. Dókítà Mọ̀pà, kí lẹ rí sí i?

Ọmọ_Mọ̀pà (dókítà eyín, Ìlọrin)

Plate dára. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í jẹ́ kí ọmọdé fẹ́ẹ́ bì, kò sì ní okùn. Ṣùgbọ́n ó ń ha, ẹ ó sì nílò ẹ̀rọ tó ń kà á. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àpò tirẹ̀ tí ẹ ó jù nù. Kí ẹni tó bọ́ ìbọ̀wọ́ ló tú plate kúrò nínú àpò, kí ó jábọ́ sórí bébà mímọ́. Ọdún kan pọ̀ jù o, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Títí di ìgbà náà, eyín tí ẹ kò bá dá lójú, ẹ fi ránṣẹ́ síbi tó ní X-ray kí ẹ tó mú ẹ̀mú.

Sólà_Kàbà

Akọ̀wé, ẹ má tíì sanwó autoclave. Ẹ ya fọ́tò orúkọ inverter yín àti bátìrì, ibi tí wọ́n kọ wáàtì sí, ẹ tún ya orí òrùlé. Mo máa wà ní ìtòsí ọjà Kàbà lọ́jọ́bọ̀, mo lè yà wá wò ó.

Akọ̀wé_Eyín

Mo ti fi ránṣẹ́ sínú àpótí yín. Òrùlé náà ní ibì kan tó ń jò lápá àríwá, ẹ má fi pánẹ́ẹ̀lì síbẹ̀.